Títẹ línkì nìkan kọ́ ló ń kó bá fóònù: àlàyé lórí malware àti ọ̀nà tó ń gbà wọlé

Ọdún ń gorí ọdún, ìkìlọ̀ kan náà ló ń yí kiri lórí WhatsApp: fídíò kan tó ń jẹ́ “Martinelli” ń bọ̀, ẹni tó bá ṣí i, fóònù rẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn, kò sí àtúnṣe. Ẹ̀gbọ́n á fi ránṣẹ́ sí àbúrò, àbúrò á gbé e sórí gúrúùpù ilé ìjọsìn. Irọ́ ni. Kò sí fídíò bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé WhatsApp aláràbarà tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ WhatsApp ni ẹni tó ń fi ìkìlọ̀ náà ránṣẹ́ ń lò, èyí tó dáńlóòdù láti sáìtì tí kò mọ ẹni tó ni ín. Ohun tí kò yẹ ká bẹ̀rù là ń bẹ̀rù, èyí tó lè kó wa lówó lọ là ń fọwọ́ ara wa gbé wọlé.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé sáìtì kì í sábà lè dá wọ inú ẹ̀rọ ẹni. Ẹ̀yin ni yóò bẹ̀ pé kí ẹ ṣílẹ̀kùn fún òun, yóò sì bẹ̀ yín lọ́nà tí ẹ ò fi ní fura. Ẹni tó bá ti dá ẹ̀bẹ̀ náà mọ̀, ó ti bọ́ lọ́wọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wàhálà yìí.

Kí ni malware?

Malware ni ètò orí ẹ̀rọ èyíkéyìí tí wọ́n dìídì kọ láti fi ṣe oní-ẹ̀rọ ní ibi. Fáírọ́ọ̀sì ni àwa máa ń pe gbogbo rẹ̀, kò sì burú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú kan péré nínú wọn ni fáírọ́ọ̀sì gidi, ìyẹn èyí tó ń lẹ̀ mọ́ fáìlì, tó ń ti ara fáìlì kan ran òmíràn. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ṣe ló máa ń ti gbogbo fáìlì yín pa, á ní kí ẹ sanwó kí òun tó ṣí i. Òmíràn ń da ìpolówó bo ojú fóònù. Èyí tó yẹ kó ká ẹni tó ń fi fóònù gba owó ọjà lára jù ni àwọn tó ń jalè ní ìdákẹ́jẹ́: wọ́n ń ka SMS kí wọ́n lè rí OTP (kóòdù ìgbà kan tí báńkì ń fi ránṣẹ́), wọ́n ń ṣọ́ ohun tí ẹ ń tẹ̀, wọ́n ń kó àwọn páásìwọọ̀dù tí búráúsà bá yín tọ́jú. (Búráúsà ni áàpù tí a fi ń wo sáìtì: Chrome, Opera Mini, Firefox, Safari.)

Ìdí nìyí tí fóònù tó ń gbóná tàbí tó ń lọ́ra kò fi túmọ̀ sí pé malware wà nínú rẹ̀. Ó lè jẹ́ bátìrì, ó lè jẹ́ pé àyè inú rẹ̀ ti kún. Olè tó mọṣẹ́ kì í pariwo.

Mo kàn tẹ línkì ni, ṣé owó mi ti lọ?

Ó ṣeé ṣe kó má tíì sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀. Ẹ wo búráúsà bíi pálọ̀. Àlejò ni sáìtì tí ẹ ṣí: ó lè jókòó, ó lè sọ̀rọ̀, ó lè parọ́, ó tilẹ̀ lè pariwo. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ́ àwọn búráúsà òde òní kò jẹ́ kí àlejò lè ti pálọ̀ bọ́ sínú yàrá, níbi tí SMS, fọ́tò àti áàpù báńkì wà. Kó tó lè débẹ̀, àfi kí ògiri ti ní ihò tàbí kí onílé fúnra rẹ̀ ṣílẹ̀kùn.

Ihò máa ń wà lóòótọ́. Google, Apple àti Mozilla ń rí wọn, wọ́n sì ń dí wọn. Iṣẹ́ tí update ń ṣe nìyẹn. Ihò tuntun tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ máa ń wọ́n gan-an lọ́jà àwọn tó ń tà á. Akọ̀ròyìn, olóṣèlú àti ajàfẹ́tọ̀ọ́ ni àwọn tó rà á sábà máa ń fi dọdẹ, wọn kì í fi ṣòfò lórí ẹni tó ń wá ibi tí yóò ti wo bọ́ọ̀lù lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí búráúsà rẹ̀ ti pẹ́ tí kò gba update ni ihò àtijọ́ ṣì ṣí sílẹ̀ fún.

Torí náà, bí línkì kan bá ń kọ yín lóminú, ẹ bi ara yín: Ṣé mo tẹ páásìwọọ̀dù tàbí nọ́ńbà káàdì mi síbẹ̀? Ṣé mo tẹ “Allow” sí ohunkóhun? Ṣé mo dáńlóòdù fáìlì, tí mo sì ṣí i? Bí ó bá jẹ́ rárá ni sí gbogbo rẹ̀, tí kò sì pẹ́ tí búráúsà yín gba update, ẹ ti ojú ìwé náà, kí ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn kì í tiẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ malware. Jìbìtì ni, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́ fún wọn, kò sì sí áńtífáírọ́ọ̀sì (ètò tó ń wá malware rí, tó sì ń lé e) tó lè bá yín gbà á padà. Ẹ yára pààrọ̀ páásìwọọ̀dù náà, kí ẹ sì pe báńkì.

“Fóònù yín ti kó fáírọ́ọ̀sì 13!” Ta ló kà á?

Kò sẹ́ni tó kà á. Ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì kò lágbára àtiyẹ inú fóònù wò. Ó ti kọ 13 sílẹ̀ kí ẹ tó dé. Ohun tó ń jẹ́ kí àyà èèyàn já ni pé ó máa ń dárúkọ irú fóònù yín, ó máa ń dárúkọ ìlú tí ẹ wà, fóònù á sì máa gbọ̀n lọ́wọ́ yín. Kò sí àràmàǹdà kankan níbẹ̀. Búráúsà máa ń sọ irú ẹ̀rọ tó wà lórí rẹ̀ fún sáìtì kí ojú ìwé lè bá a mu. Àdírẹ́ẹ̀sì IP, ìyẹn nọ́ńbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún ẹ̀rọ yín, sì ń fi agbègbè yín hàn dé ìwọ̀n kan. Ní ti gbígbọ̀n, Chrome orí Android gbà kí sáìtì mú fóònù gbọ̀n bí ẹ bá ti fọwọ́ kan ojú ìwé náà.

Ẹ má tẹ ohunkóhun lójú ìwé bẹ́ẹ̀, títí kan “Cancel” àti àmì X tí wọ́n yà síbẹ̀, torí ibi kan náà ni gbogbo wọn lè gbé yín lọ. Ibi tí búráúsà ń to àwọn tab (àwọn ojú ìwé tó ṣí) sí ni kí ẹ ti pa á. Bí kò bá gbà, ẹ ju búráúsà náà nù láàárín àwọn áàpù tó ṣí. Lórí Windows, ẹ di Esc mú títí ojú ìwé náà yóò fi kúrò ní gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, kí ẹ wá tẹ Alt àti F4 pọ̀; tó bá tún ṣorí kunkun, Ctrl, Shift àti Esc á ṣí Task Manager, ibẹ̀ ni kí ẹ ti pa búráúsà. Bó bá bi yín nígbà tí ẹ padà wọlé pé ṣé kí òun dá àwọn tab ìṣáájú padà, ẹ ní rárá. Nọ́ńbà “Microsoft” tí wọ́n kọ síbẹ̀ pé kí ẹ pè ńkọ́? Microsoft ti sọ ọ́ gbangba pé ìkìlọ̀ àwọn kì í ní nọ́ńbà fóònù nínú. Ẹni tó bá pè é, àwọn tó máa ní kó gba áàpù tí wọ́n á fi darí kọ̀ǹpútà rẹ̀ láti òkèèrè ló pè.

“Allow” kékeré tó ń bí ọgọ́rùn-ún wàhálà

Sáìtì fíìmù ọ̀fẹ́ àti ti bọ́ọ̀lù ló kúndùn èyí jù. Wọ́n á ní kí ẹ tẹ “Allow” kí fídíò lè bẹ̀rẹ̀, tàbí láti fi hàn pé ẹ kì í ṣe róbọ́ọ̀tì. Ohun tí bọ́tìnnì yẹn ń ṣe gan-an ni pé ó ń fún sáìtì láṣẹ láti máa fi nótífíkéṣàn ránṣẹ́ sí yín tọ̀sán tòru, kódà nígbà tí ẹ ò sí lórí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, “WhatsApp yín ti kú”, “Owó wọlé fún yín” á máa yọ lókè fóònù, á sì jọ pé fóònù ló ń sọ̀rọ̀. Kò tíì di malware, ṣùgbọ́n ibi tí malware wà ló ń júwe.

Àtiyọ ọ́ kò le. Nínú Chrome, ẹ tẹ àmì ẹyọ mẹ́ta (⋮), ẹ lọ sí Settings, lẹ́yìn náà Site settings, lẹ́yìn náà Notifications, kí ẹ sì yọ gbogbo sáìtì tí ẹ kò mọ̀ kúrò níbẹ̀. Ẹ lè tẹ̀ síwájú kí ẹ ní kí sáìtì kankan má tilẹ̀ béèrè mọ́. Ẹ kò ní pàdánù nǹkan kan.

APK: ẹnu ọ̀nà ńlá

APK ni fáìlì tí a fi ń gbé áàpù sórí Android láìgba Play Store kọjá. Kì í ṣe ohun burúkú fúnra rẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé áàpù tó bá gba ibẹ̀ wọlé ti bọ́ sínú yàrá, ó sì lè máa tọrọ àṣẹ kan lẹ́yìn òmíràn.

Ẹ jẹ́ ká mú àwọn WhatsApp aláràbarà tí mo dárúkọ lókè. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, Kaspersky, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe áńtífáírọ́ọ̀sì, rí malware tó ń jẹ́ Triada nínú FMWhatsApp ẹ̀yà 16.80.0. Inú ohun èlò ìpolówó tí wọ́n kó sínú áàpù náà ló bá wọlé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa dáńlóòdù malware mìíràn, kó sì máa forúkọ oní-fóònù sílẹ̀ fún nǹkan tí wọ́n ń sanwó fún láìjẹ́ pé ó mọ̀. Lọ́dún 2022 wọ́n tún rí i nínú YoWhatsApp ẹ̀yà 2.22.11.75, èyí tó tún ń jí kọ́kọ́rọ́ tí WhatsApp fi ń mọ̀ pé ẹ̀yin ni ẹ ni àkáùǹtì. Gbogbo èyí kí èèyàn lè yí àwọ̀ WhatsApp padà, kó sì rí ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn ti pa rẹ́! GB WhatsApp àti àwọn ẹbí rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà: kò sí ẹni tó ń yẹ̀ wọ́n wò kí wọ́n tó dé ọwọ́ yín.

Àpẹẹrẹ kejì ni malware FluBot, tí NCC, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, kìlọ̀ nípa rẹ̀ fún àwọn ọmọ Nàìjíríà ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021. SMS á wọlé pé ẹrù yín wà nílẹ̀, tàbí pé ẹnì kan fi ohùn sílẹ̀ fún yín. Ẹ tẹ línkì, wọ́n ní kí ẹ gba áàpù kan. Ìgbà kan tiẹ̀ wà tí ojú ìwé náà ń sọ pé FluBot ti wọ fóònù yín, kí ẹ yára gba update ààbò. Update ọ̀hún gan-an ni FluBot! Tó bá ti wọlé, á ní kí ẹ tan Accessibility fún òun. Nítorí àwọn tí ojú tàbí ọwọ́ ń dà láàmú ni wọ́n ṣe fi Accessibility sínú Android: áàpù tó bá ní in lè ka gbogbo ohun tó wà lójú fóònù, ó sì lè bá oní-fóònù tẹ bọ́tìnnì. Ẹ fojú inú wò ó pé olè ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣí áàpù báńkì, ó gbé ojú ìwé ayédèrú bo tòótọ́; OTP wọlé, ó kà á; ẹ fẹ́ yọ ọ́ kúrò, ó ti Settings mọ́ yín lójú. Ó sì ń kó nọ́ńbà àwọn ojúlùmọ̀ yín láti fi SMS kan náà ránṣẹ́ sí wọn. Àwọn ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè 11 ló pawọ́ pọ̀ kí wọ́n tó dá a dúró lọ́dún 2022. Ọgbọ́n rẹ̀ kò bá a kú. Ohun kan náà ni àwọn tó tẹ̀ lé e ń ṣe.

Android kì í kàn ṣí gbalaja. Láti Android 8, ẹ ní láti fún áàpù kọ̀ọ̀kan láṣẹ “Install unknown apps” kó tó lè gbé APK wọlé. Láti Android 13, áàpù tó gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé lè bá ìdènà tí wọ́n ń pè ní “Restricted setting” pàdé bó bá fẹ́ gba Accessibility. Play Protect, ètò ààbò Google, náà ń yẹ̀ ẹ́ wò. Sáìtì tàbí “agent” tó bá ń kọ́ yín ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe máa pa àwọn ìdènà yìí, ohun tó ń wá kì í ṣe ire yín. Ẹ wọ Settings, Apps, Special app access, Install unknown apps, kí ẹ rí i pé Chrome, WhatsApp, Telegram àti áàpù tí ẹ fi ń pín fáìlì wà ní “Not allowed”. Orúkọ lè yàtọ̀ díẹ̀ lórí Tecno, Infinix tàbí Samsung. Ẹ kọ “unknown apps” sí ibi ìṣàwárí inú Settings, ó máa yọ.

Áàpù ẹ̀yáwó náà kàn wá. Láti ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Google kò gbà kí áàpù ẹ̀yáwó tó wà lórí Play Store fọwọ́ kan nọ́ńbà ojúlùmọ̀ tàbí fọ́tò oníbàárà mọ́. Ẹni tó bá wá ní kí ẹ gba ti òun láti línkì, ẹ mọ̀ pé òfin yẹn kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Play Store pàápàá kò mọ́ tónítóní; wọ́n ti yọ áàpù burúkú kúrò níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Bí áàpù tọ́ọ̀ṣì bá ń béèrè SMS tàbí Accessibility, ẹ dá a padà síbi tó ti wá. Ti iPhone fúyẹ́ díẹ̀, torí ó ṣòro kí áàpù gba ibòmíràn wọlé yàtọ̀ sí App Store, ṣùgbọ́n bí sáìtì bá ní kí ẹ gba “profile” (fáìlì tó lè yí ètò inú iPhone padà), ẹ kọ̀ ọ́ àyàfi bó bá jẹ́ ibiṣẹ́ yín ló fún yín.

Ní orí kọ̀ǹpútà ńkọ́?

Ẹ̀tàn tó gbòde láti ọdún 2024 ni wọ́n ń pè ní ClickFix. Ojú ìwé kan á ní kí ẹ fi hàn pé ẹ kì í ṣe róbọ́ọ̀tì. Ẹ tẹ àpótí kékeré yẹn bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Ó wá ní ó ku díẹ̀: kí ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti R, kí ẹ tẹ Ctrl àti V, kí ẹ tẹ Enter. Nígbà tí ẹ tẹ àpótí àkọ́kọ́, sáìtì náà ti yọ́ fi àṣẹ kan sí ibi tí Copy máa ń kó ọ̀rọ̀ sí. Windows àti R ṣí ibi tí a ti ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, Ctrl àti V gbé àṣẹ olè síbẹ̀, Enter mú un ṣẹ. Ẹ̀yin lẹ pàṣẹ, ìdí nìyẹn tí áńtífáírọ́ọ̀sì fi lè má rí ìjà kankan jà. Lórí Mac, Terminal ni wọ́n ń ní kí ẹ ṣí. Kò sí ìdánwò róbọ́ọ̀tì gidi kankan láyé yìí tó ń béèrè nǹkan yìí. Bí ẹ bá ti rí “Windows àti R”, ẹ sá.

Ọ̀kan lára ohun tí wọ́n ń fi ọ̀nà yìí gbìn ni Lumma, tó ń jí páásìwọọ̀dù. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Microsoft àti àwọn alájọṣe rẹ̀ gba nǹkan bí 2,300 àdírẹ́ẹ̀sì lọ́wọ́ àwọn tó ń lò ó. Láàárín ọjọ́ 16 oṣù Kẹta sí ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún náà nìkan, Microsoft rí kọ̀ǹpútà Windows tó lé ní 394,000 tó ti kó o. Irú malware yìí kì í jí páásìwọọ̀dù nìkan. Ó ń jí kúkì, ìyẹn fáìlì kékeré tí sáìtì fi ń rántí pé ẹ ti wọlé tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá gbé kúkì Gmail yín sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè bá ara rẹ̀ nínú Gmail yín láìbéèrè páásìwọọ̀dù tàbí OTP. Ọ̀pọ̀ ò mọ èyí, wọ́n á pààrọ̀ páásìwọọ̀dù, wọ́n á sì máa ṣe kàyéfì pé olè ò kúrò. Ẹ gbọ́dọ̀ tún yọ gbogbo ẹ̀rọ tó wà lórí àkáùǹtì náà jáde.

Ọ̀nà kejì ni “crack”, ìyẹn ètò olówó tí wọ́n já títì rẹ̀. Ẹ ṣọ́ àmì méjì. Àkọ́kọ́, ZIP (àpò tí wọ́n di fáìlì sí) tó ní páásìwọọ̀dù tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: páásìwọọ̀dù tí gbogbo ayé ń kà kò pa nǹkan kan mọ́, kí áńtífáírọ́ọ̀sì má bàa rí inú rẹ̀ ni wọ́n ṣe fi síbẹ̀. Èkejì, ìlànà tó ní kí ẹ pa áńtífáírọ́ọ̀sì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Windows tún máa ń fi ìrù orúkọ fáìlì pamọ́, tí “risiti.pdf.exe” fi ń hàn bíi “risiti.pdf”, bẹ́ẹ̀ sì ni “.exe” ni ìrù ètò tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, kì í ṣe ti ìwé. Lórí Windows 11, ẹ ṣí File Explorer, View, Show, kí ẹ fọwọ́ sí File name extensions. Bí fáìlì kan kò bá dá yín lójú, ẹ gbé e lọ sí VirusTotal, sáìtì Google tó ń fi áńtífáírọ́ọ̀sì tó ju 60 lọ yẹ fáìlì wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má ṣe gbé ìwé àṣírí yín síbẹ̀ o, torí àwọn ẹlòmíràn lè rí i.

Ṣé àmì kọ́kọ́rọ́ kò tó?

Kò tó. Ohun tí kọ́kọ́rọ́ (àgádágodo kékeré) ẹ̀gbẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì ń sọ kò ju pé ẹnikẹ́ni kò lè ka ohun tó ń lọ láàárín yín àti sáìtì. Kò sọ pé sáìtì náà kì í ṣe ti olè. Ìtumọ̀ òdì tí aráyé fún un wà lára ohun tó mú kí Chrome yọ ọ́ kúrò ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023.

Àdírẹ́ẹ̀sì gan-an ni kí ẹ kà, láti ẹ̀yìn wá síwájú. Nínú “banki.com.wole.example/login”, ẹ wá àmì “/” àkọ́kọ́ tó tẹ̀ lé orúkọ, kí ẹ ka ohun tó ṣáájú rẹ̀: “wole.example” ló ni ilé. “banki.com” tó wà níwájú, ọ̀ṣọ́ lásán ni.

Ohun tí ẹ lè tò lónìí

Update ni olórí. Ọ̀pọ̀ ń sá fún un nítorí dátà, ó sì yé mi, àmọ́ bí kò bá ju Chrome àti áàpù báńkì lọ, ẹ gba ti wọn. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2017, WannaCry ti fáìlì pa ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 150, títí kan ilé ìwòsàn ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Microsoft ti gbé update tó dí ihò náà jáde láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹta. Nǹkan bí oṣù méjì wà láàárín wọn. Bí fóònù yín bá ti darúgbó tí Android rẹ̀ kò gba update mọ́, Chrome ṣì lè máa gba tirẹ̀ láti Play Store fún ìgbà kan.

Nínú Chrome, ẹ lọ sí Privacy and security, Safe Browsing, kí ẹ mú “Enhanced protection”; Google yóò rí púpọ̀ sí i nínú ibi tí ẹ ń lọ, ìyẹn ni owó tí ẹ máa san fún un. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ wo extension (ètò kékeré tí a fi kún búráúsà) tó wà lára búráúsà, kí ẹ yọ èyí tí ẹ kò lò. Èyí tó dára lónìí lè burú lọ́la: The Great Suspender ní àwọn tó ń lò ó tó lé ní mílíọ̀nù, ẹni tó ni ín gbé e lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, nígbà tó di oṣù Kejì ọdún 2021, Google yọ ọ́ kúrò pé malware wà nínú rẹ̀.

Bó bá ti wọlé ńkọ́?

Ẹ kọ́kọ́ pa dátà àti Wi-Fi. Ẹ má ṣe fi fóònù yẹn ṣe nǹkan báńkì mọ́. Ẹ fi fóònù ẹlòmíràn pe báńkì yín pé kí wọ́n dá owó dúró nínú àkáùǹtì. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì yín ni kí ẹ pè, kì í ṣe èyí tí ẹ rí lórí Google, torí àwọn olè náà ń kọ tiwọn síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé fóònù sí Safe mode. Lórí ọ̀pọ̀ Android, ẹ di bọ́tìnnì tí a fi ń pa fóònù mú, kí ẹ wá tẹ “Power off” lójú fóònù láìyọwọ́ títí yóò fi béèrè bóyá kí òun wọ Safe mode. Ní Safe mode, áàpù tí ẹ gbé wọlé kì í ṣiṣẹ́, nítorí náà kò lè dí yín lọ́wọ́. Ẹ lọ pa á nínú Accessibility, ẹ pa á nínú Device admin apps, ìgbà yẹn ló máa tó gbà kí ẹ yọ òun. Bí ó bá kọ̀ jálẹ̀, factory reset, ìyẹn pípa gbogbo ohun inú fóònù rẹ́, ló kù. Fọ́tò àti ìwé ni kí ẹ kó pamọ́ kí ẹ tó ṣe é, kì í ṣe APK. Ti Windows, Microsoft Defender Offline scan ni kí ẹ lò. Kọ̀ǹpútà á tan ara rẹ̀ padà, iṣẹ́ náà á gba bí ìṣẹ́jú 15, ó sì ń rí àwọn tó ń sá pamọ́ nígbà tí Windows bá ń ṣiṣẹ́.

Orí ẹ̀rọ tó mọ́ ni kí ẹ ti pààrọ̀ páásìwọọ̀dù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ímeèlì, torí ibẹ̀ ni ẹni tó bá ní in ti lè tún gbogbo ìyókù ṣe lẹ́yìn yín. Kí ẹ yọ gbogbo ẹ̀rọ kúrò lórí rẹ̀. Ẹ wo Linked devices (àwọn ẹ̀rọ tó so mọ́ àkáùǹtì yín) nínú WhatsApp náà. Kí ẹ sì fi ohùn ránṣẹ́ sí àwọn tó wà nínú fóònù yín pé bí SMS tàbí línkì kankan bá ti ọ̀dọ̀ yín wá lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́.